Ìdánwò Tí Ìka Ń Kà

Láti ọdún 2015 ni àjọ JAMB ti gbé gbogbo ìdánwò UTME, ìdánwò àtiwọ yunifásítì, lọ sórí kọ̀ǹpútà. Ọmọ tó ríran gbádùn rẹ̀. Ọmọ tí kò ríran ńkọ́? Lọ́dún 2017 ni àjọ náà gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ni wọ́n sì fi ṣe alága rẹ̀. A kí wọn kú iṣẹ́.

Àmọ́ iṣẹ́ bíréèlì, ìwé tí ẹni tí kò ríran ń fi ìka kà, kì í ṣe ká kàn tẹ ìbéèrè sórí ìwé tó nípọn. Àmì tóótòòtó mẹ́fà péré ni wọ́n ń tò pọ̀ di lẹ́tà. Ẹ wo ìbéèrè jọ́gíráfì tó ní máàpù: àfi kí ìlà odò yọ sókè kí ìka lè tọ̀ ọ́, kí wọ́n sì yọ ohun tí kò pọn dandan kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo rẹ̀ á dàrú mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Lẹ́tà pàápàá ń fẹ́ ìṣọ́ra: àmì méjì ló ń jẹ́ B. Bí èyí tó wà nísàlẹ̀ kò bá yọ dáadáa, ó ti di A nìyẹn, nínú ìdánwò tí a ti ń mú ìdáhùn láàárín A sí D! Ẹni tó mọ bíréèlì kà gbọ́dọ̀ fọwọ́ yẹ ìwé náà wò kó tó kúrò nílé ìtẹ̀wé.

Ẹ̀yin ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń ṣe ìdánwò tiyín, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ ìdánwò kí ẹ tó wá ẹni tí yóò ṣe bíréèlì rẹ̀.