Ìdẹ Tí Ń Rì: Ẹ Má Fojú Kékeré Wo Iṣẹ́ Ọwọ́

Iṣẹ́ ọwọ́ kan tí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lóṣù yìí: dídi ìdẹ tí a fi ìyẹ́ ṣe, èyí tí àwọn apẹja ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń mú ẹja tí wọ́n ń pè ní trout.

Odò tí omi rẹ̀ tutù, tí ó sì mọ́ gaara, ni ẹja yìí fẹ́. Ẹ kò lè bá a nínú odò Ògùn tàbí Ọ̀ṣun, nítorí omi wa lọ́ wọ́ọ́rọ́ jù fún un. Kòkòrò kéékèèké wà lára oúnjẹ rẹ̀ pàtàkì. Ìsàlẹ̀ odò ni àwọn kòkòrò wọ̀nyí ń gbé kí wọ́n tó hu apá. Bí wọ́n bá dàgbà tán, wọn a lúwẹ̀ẹ́ gòkè, wọn a bọ́ awọ sílẹ̀, wọn a sì fò lọ. Abẹ́ omi ni trout ti ń jẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Nítorí náà, ìdẹ tí ń léfòó nìkan kò tó. Ó yẹ kí èyí tí ó lè rì dé ọ̀dọ̀ ẹja wà pẹ̀lú.

Ẹni tí ó yanjú ọ̀ràn yìí lọ́nà tí ó wu èmi olùkọ́ ìtọ́jú ilé ni Frank Sawyer, tí a bí ní 1906, tí ó sì kú ní 1980. Olùtọ́jú odò Avon ni, ní Wiltshire, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ ìmọ̀ rẹ̀ sínú ìwé Nymphs and the Trout ní 1958. Yàtọ̀ sí ìwọ̀, ohun èlò méjì péré ni ó lò: ìyẹ́ ìrù akọ ẹyẹ pheasant, tí í ṣe ìbátan àparò, àti wáyà bàbà tí ó tín-ín-rín bí irun orí. Kò lo òwú rárá. Wáyà kan náà tí ó fi di ìyẹ́ mọ́ ìwọ̀ ni ó fún ìdẹ ní ìwúwo. Ohun kan, iṣẹ́ méjì: ọgbọ́n ìṣọ́wólò gidi nìyẹn.

Báyìí ni a ṣe ń dì í. A ó fi irin ìdìmú kékeré di ìwọ̀ mú ṣinṣin. A ó wé wáyà yí ara ìwọ̀ ká, a ó sì wé e ní ìlọ́po níwájú kí ó lè ga díẹ̀ bí èjìká kòkòrò. A ó mú fọ́nrán ìyẹ́ mẹ́rin, a ó dì wọ́n sí ẹ̀yìn, kí ṣóńṣó wọn yọ bí ìrù. A ó lọ́ fọ́nrán àti wáyà pọ̀, a ó sì wé wọn lọ síwájú. Níbẹ̀ ni a ó ti yà wọ́n sọ́tọ̀. A ó tẹ fọ́nrán sẹ́yìn lórí èjìká, a ó fi wáyà dè é, a ó tún tẹ̀ ẹ́ síwájú, a ó dè é, a ó sì ta wáyà ní kókó. Sawyer kò fi ẹsẹ̀ sí i, nítorí ó ti ṣàkíyèsí pé irú kòkòrò yìí a máa ká ẹsẹ̀ mọ́ra bí ó bá ń lúwẹ̀ẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ẹni tí ó bá fi agbára fa wáyà yóò já a, iṣẹ́ yóò sì tú.

Apẹja yóò ju ìdẹ sí apá òkè odò, síwájú ẹja, kí ó lè ráyè rì. Lẹ́yìn náà yóò gbé ṣóńṣó ọ̀pá ìpẹja sókè pẹ̀lẹ́. Ìdẹ yóò gòkè bí kòkòrò tí ó fẹ́ lọ fò, ẹja a sì gbé e. Okùn ni ó ń wò: bí okùn bá dúró lójijì, ó ṣeé ṣe kí ẹja ti gbé e. Ìdẹ tí ó fúyẹ́ jù kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹja. Èyí tí ó wúwo jù yóò há sáàárín òkúta. Ìyàtọ̀ náà kò ju ìlọ́po wáyà mélòó kan lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìyẹ́ sì ti bò ó mọ́ wa lójú.

Kí ló wá kan àwa obìnrin níbẹ̀? Ní 1905, àwọn Òyìnbó kó trout láti Scotland wá sínú odò orí òkè ní Kẹ́ńyà. Nígbà tí ó yá, iṣẹ́ dídi ìdẹ gbilẹ̀ níbẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ obìnrin Kẹ́ńyà ni ó ń fi í gbọ́ bùkátà, tí ìdẹ tí wọ́n dì sì ń lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí obìnrin kan bá ń lo ìṣẹ́jú 5 lórí ẹyọ kan, méjìlá yóò gbà á ní wákàtí 1 láìsinmi. Ẹni tí ó bá wo ìyẹ́ díẹ̀ àti wáyà yóò ní owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Wákàtí náà ńkọ́? Ojú tí ó fi ń wo ohun tí kò ju ẹ̀wà lọ ńkọ́?

Ẹ̀yin tí ń hun kíróṣè, tí ń sin ìlẹ̀kẹ̀, tí ń rán aṣọ ọmọ, kí ẹ tó dá iye lé ọjà yín, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀: owó ohun èlò, wákàtí tí ẹ lò, èyí tí ó bàjẹ́, àti owó iná òun ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi èrè lé e. Pé ilé ni a jókòó sí ṣiṣẹ́ kò sọ wákàtí wa di ọ̀fẹ́. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run bù sí iṣẹ́ ọwọ́ wa.