Bí Ògiri Bá Lanu: Ọ̀rọ̀ Windows 10 àti Ẹ̀rọ Tòkunbọ̀

Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, ni ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10 dúró, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí wọ́n gbé e jáde. Ẹ̀rọ ayárabíàṣá tó ń lò ó kò kú lọ́jọ́ náà. Ó ṣì ń tàn, ó ṣì ń wọ orí ayélujára. Ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn, nítorí ohun tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́ kì í kọ ènìyàn lóminú.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Oṣooṣù ni Microsoft máa ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ láti dí ihò tí wọ́n bá rí. Ní báyìí, ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ìtọ́jú ti di onílé tí ògiri rẹ̀ lanu, tó sì ń kó owó báǹkì pamọ́ síbẹ̀.

Windows 11 ni wọ́n ní ká bọ́ sí. Ṣùgbọ́n ó ń béèrè TPM 2.0, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú ẹ̀rọ tí ọpọlọ Intel wọn ṣáájú ìran kẹjọ, èyí tó jáde ní 2017, kò kúnjú ìwọ̀n. Irú wọn kò ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ ní Computer Village, Ìkẹjà. Àwọn kan ń dọ́gbọ́n fi Windows 11 sórí wọn, àmọ́ Microsoft kò fọwọ́ sọ̀yà pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yóò máa rí àtúnṣe gbà.

Èrò tèmi ni pé a kò gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀rọ tó ṣì lágbára sórí ààtàn. Ọ̀fẹ́ ni Ubuntu àti Linux Mint, wọ́n sì tó fún lẹ́tà títẹ̀ àti ayélujára. Lóòótọ́, ẹni tí Photoshop ń bọ́ kò ní rí i lò níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ dán an wò láti orí fúláàṣì, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ yín síbòmíràn, kí ẹ tó pa Windows rẹ́.

Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ á ṣí iwájú rẹ̀, á gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún. Ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ àti ìjọba ìbílẹ̀ tó ń fi owó ará ìlú ra kọ̀ǹpútà náà béèrè pé: títí di ọdún wo ni ẹ̀rọ yìí yóò fi máa gba àtúnṣe? Kí òǹtajà kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé ẹ̀rí ọjà. Èyí tí kò bá lè kọ ọ́, kí a fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.