Ọkọ́ Kọ́ Ló Sọ Wá Di Òtòṣì

Ẹ̀yin ará Ìkàrẹ́, ẹ̀yin ará Ọ̀kà, ẹ fetí sílẹ̀.

Ìgbàgbọ́ kan ti ta gbòǹgbò láàrin wa. Wọ́n ní àwọn baba wa kò ronú kọjá ọkọ́ àti àdá, pé ìyẹn ló jẹ́ kí àgbẹ̀ Amẹ́ríkà là tí tiwa sì tòṣì. Wọ́n ní bí ìjọba bá ti kó katakata wá, ìṣẹ́ parí. Irọ́ gbáà ni.

Ẹ jẹ́ ká wo Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ń bú wa. Ní 1837, ní Illinois, alágbẹ̀dẹ kan tó ń jẹ́ John Deere fi irin dídán ṣe ohun ìtúlẹ̀, torí pé ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Ní 1874, Joseph Glidden gba ìwé àṣẹ lórí wáyà ẹlẹ́gùn-ún, torí pé pápá gbalasa ni ibẹ̀, igi tí wọn ì bá fi sọgbà ṣọ̀wọ́n. Ilẹ̀ ló béèrè, ọwọ́ ọmọ èèyàn ló dáhùn. Bí ẹyẹ bá ṣe fò la ṣe ń sọ̀kò rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ làwọn baba wa náà ṣe. Ní ọ̀rúndún yẹn kan náà, ogun Tápà láti Bídà ń kó àwa ará Àkókó lẹ́rú, ọ̀pọ̀ ìlú wa sì gun òkè, wọ́n fi àpáta ṣe odi. Àárín àpáta ni wọ́n ti ń dáko, títí Bídà fi ṣubú ní 1897. Erùpẹ̀ tó wà lórí òkúta kò nípọn, wọ́n bá fi ọkọ́ wọ́ ọ jọ di ebè, kí iṣu lè ríbi ta sí. Ọgbọ́n ni ebè. Ohun ìtúlẹ̀ Deere ì bá kán sáàárín òkúta yẹn.

Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn, kó wo Mókwà nílẹ̀ Tápà. Ní 1949, ìjọba òyìnbó kó katakata lọ síbẹ̀. Gbígbẹ́ kùkùté gbówó lórí, ẹ̀rọ sì ro ilẹ̀ ju èyí tí ọwọ́ àgbẹ̀ lè tú koríko rẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di 1954, wọ́n ti pa á tì.

Mi ò ní kí katakata má wá síbi tí ilẹ̀ bá tẹ́jú. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀rọ nìkan kọ́ ló gbé Amẹ́ríkà dìde. Ní 1862, wọ́n ṣòfin pé ẹni tó bá gbé orí ilẹ̀ fún ọdún 5, tó sì dáko síbẹ̀, lè gba 160 éékà, kó di tirẹ̀ pẹ̀lú ìwé. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ yẹn ni wọ́n gbà tipátipá lọ́wọ́ àwọn onílùú. Ìwà ìkà ni, ẹ má ṣe fara wé e. Ṣùgbọ́n ẹni tílẹ̀ dá lójú ló ń náwó sórí irin.

Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Láwọn ibi kan, àlejò tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ gbin kòkó. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà, àgbẹ̀ kékeré kò sì rówó gba ìwé. Ta ni yóò ra ẹ̀rọ sórí ilẹ̀ tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìkórè?

Nítorí náà, ẹ̀yin olórí ẹbí, ẹ kọ àdéhùn ọlọ́dún gbọọrọ fún àgbẹ̀, kí ẹ sì fi ààlà hàn kedere. Ẹ̀yin káńsílọ̀, ẹ béèrè irú ilẹ̀ tó wà kẹ́ ẹ tó ra katakata. Ẹ gbé iṣẹ́ fún àwọn alágbẹ̀dẹ wa, kí wọ́n rọ irin tó bá ilẹ̀ olókùúta mu.

Ẹ má bú ọkọ́ mọ́. Ẹ fún ẹni tó dì í mú ní ilẹ̀ tó dá a lójú.