Àga Tó Mọ́ Gaara Bí Omi Nínú Pálọ̀ Wa

Ẹni tí ó bá ti lọ síbi ìgbéyàwó ní gbọ̀ngàn ńlá kan ní Èkó tàbí Ìbàdàn láàárín ọdún mélòó kan sẹ́yìn yóò ti jókòó lórí àga yìí rí, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Àga oníke ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí funfun tí a máa ń tò léra wọn sẹ́yìn ilé. Èyí mọ́ gaara bí omi inú ìgò. Bí ènìyàn bá wò ó, àwọ̀ kápẹ́ẹ̀tì tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni yóò rí. Ọkọ àti ìyàwó á jókòó sí i, á sì dà bí ẹni pé orí afẹ́fẹ́ ni wọ́n wà. Nísinsìnyí, àga náà ti kúrò lóde àríyá, ó ti ń wọ pálọ̀ àti yàrá ìjẹun. Àwọn tọkọtaya tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sínú ilé tuntun ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tí ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí àwọn rà á. N kò lè dá wọn lóhùn pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, nítorí pé ọwọ́ irú ike tí wọ́n fi ṣe é ni ó wà, àti ọwọ́ irú ènìyàn tí ń wọlé wọn.

Àga tí ó sọ irú ọ̀ṣọ́ yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni Louis Ghost, tí Philippe Starck, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ya àwòrán rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Kartell ti Ítálì ní 2002. Giulio Castelli, onímọ̀ ẹ̀rọ nípa kẹ́míkà, ni ó dá Kartell sílẹ̀ ní 1949. Nǹkan èlò ọkọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe kí wọ́n tó bọ́ sórí korobá àti àwọn ohun èlò inú ilé mìíràn. Korobá wọn kan tilẹ̀ gba ẹ̀bùn iṣẹ́ ọnà ní 1955. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí púpọ̀, pé àwọn tí wọ́n fi tọkàntọkàn ṣe korobá ni wọ́n padà wá ṣe àga ọba.

Àga ọba ni lóòótọ́. Ohun tí Starck wò kọ ni àga alápá tí wọ́n ń lò nílẹ̀ Faransé láyé ọba Louis Kẹrìndínlógún: ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto bí ẹyin, apá rẹ̀ méjèèjì nà síwájú. Igi gbígbẹ́ ni wọ́n fi ṣe ti àtijọ́, wọ́n a máa kun òmíràn ní wúrà, wọn a sì fi aṣọ olówó iyebíye bò ó. Starck yọ igi, ó yọ wúrà, ó yọ aṣọ, ó wá ku òjìji nìkan. Ìdí nìyí tí wọ́n fi pè é ní Ghost, tí í ṣe iwin. Wọ́n bẹ́ ọba yẹn lórí ní 1793. Bí ìyá àgbà kan bá wá bi yín léèrè ìdí tí ẹ fi gbé iwin ọba tí a bẹ́ lórí sí pálọ̀, ẹ wá ohun tí ẹ ó sọ, èmi kò sí níbẹ̀.

Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọparun, tí àwọn tí ń yá ni ní àga kó dé gbogbo gbọ̀ngàn wa, ní ìtàn tirẹ̀. Òun náà jẹ́ òjìji àga onígi àtijọ́, èyí tí gbẹ́nàgbẹ́nà Giuseppe Gaetano Descalzi kọ́kọ́ ṣe ní ìlú Chiavari ní Ítálì ní 1807.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ike lásán ni, kí ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ojúlówó Louis Ghost. Wọn yóò yọ́ ike náà títí yóò fi máa ṣàn, wọn yóò fi agbára ẹ̀rọ tì í sínú irin ńlá tí wọ́n ti gbẹ́ inú rẹ̀ ní àwòrán àga, yóò tutù, wọn yóò sì yọ ọ́ jáde lódindi, bí ẹni ń yọ búlọ́ọ̀kù. Kò sí ìṣó, kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀. Ara àga mìíràn tí Starck ṣe fún ilé-iṣẹ́ kan náà ní 1999, tí wọ́n ń pè ní La Marie, ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán irú iṣẹ́ yìí wò. Lára àga oníke funfun, àléébù kékeré lè fara pamọ́. Lára èyí tí ó mọ́ gaara, kò sí ibi ìsápamọ́ kankan: hóró afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo, ojú ibi tí ike ti ṣàn pàdé ara rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni yóò hàn. Ojúlówó rẹ̀ ju 200 owó Yúróò lọ fún ẹyọ kan. Iṣẹ́ tí mo sọ yìí ni ẹ ń san díẹ̀ nínú owó náà fún. Ìyókù, ẹ jẹ́ kí a má tan ara wa, orúkọ ni.

Polycarbonate ni orúkọ ike ọ̀hún. Ní 1953 ni Hermann Schnell ṣe é ní ilé-iṣẹ́ Bayer ní Jámánì. Lọ́dún kan náà ni Daniel Fox ṣe é ní General Electric ní Amẹ́ríkà, tí èkínní kò sì mọ̀ nípa èkejì. Kì í ṣe àjèjì sí yín. Òun ni wọ́n fi ń ṣe àwo sídì, òun ni wọ́n fi ń ṣe asà tí ọlọ́pàá fi ń gba òkúta dúró, òun náà sì ni ohun tí a ń pè ní gíláàsì iná iwájú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní. Ẹ ronú nípa asà yẹn, ẹ ó mọ ìdí tí baba alára ńlá fi lè jókòó sórí àga náà láìséwu. Ẹ wá wo iná ọkọ̀ tí ó ti pẹ́ nínú oòrùn bí ó ṣe pọ́n rúsúrúsú, tí ó sì ṣú bí ojú tí ó ní ìtànná. Bẹ́ẹ̀ ni àga yín yóò rí lọ́jọ́ kan bí ẹ bá gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí oòrùn ọ̀sán ń pa. Àwọn tí ń ṣe é a máa fi èròjà tí ń dènà oòrùn sí i, ṣùgbọ́n ńṣe ni èyí ń fa ọjọ́ náà sẹ́yìn.

Acrylic ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èyí tí àwọn tí ń ṣe páátákó ìpolówó ń pè ní Perspex. Òun ni Erwine àti Estelle Laverne lò fún àwọn àga tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1957, èyí tí ó fi hàn pé ìfẹ́ ohun tí ojú ń là kọjá yìí ti pẹ́ ju Starck lọ. Ó máa ń mọ́ ju polycarbonate lọ, kì í tètè pọ́n nínú oòrùn, kò sì tètè họ. Àìsàn tirẹ̀ ni pé bí nǹkan bá gbá a gidi, ó lè sán. Ẹ̀kẹta ni polystyrene, ike tí wọ́n fi ń ṣe pátákó pélébé tí a ń kó sídì sí. Gbogbo wa ni a mọ bí ìyẹn ṣe ń fọ́. Bí ẹni tí ń ta àga fún yín kò bá lè sọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó gbé síwájú yín, tí owó rẹ̀ sì kéré dé ibi tí ó yani lẹ́nu, ẹ̀kẹta yìí ni kí ẹ máa fura sí.

Ìdí pàtàkì tí àwọn ènìyàn fi ń rà á ni pé ilé kéré. Ní rúùmù kan àti pálọ̀, àga onígi mẹ́rin yóò dí ojú ènìyàn, yóò dà bí ẹni pé ọjà ni a wọ̀. Àga tí ó mọ́ gaara kì í dí ojú. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé yóò gba inú rẹ̀ kọjá, kápẹ́ẹ̀tì yóò hàn láti ògiri dé ògiri. Òtítọ́ ni. Àmọ́ ojú nìkan ni ó ń tàn, kò lè tan ẹsẹ̀. Louis Ghost fẹ̀ tó 54 sẹ̀ǹtímítà, kò sì dín kù nítorí pé a kò rí i. Ẹni tí ó bá ti ri àga mẹ́fà mọ́ ibi tí ó yẹ mẹ́rin yóò gbọ́ ìròyìn láti ẹnu orúnkún rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí gbọ̀ngbọ̀n rèé. Tọkọtaya kan tí mo mọ̀ dáadáa to mẹ́rin irú àga yìí yí tábìlì gíláàsì ká, lórí táìlì funfun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri funfun. Ó rẹwà gan-an nínú fọ́tò. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá ọkọ ti ilé dé. Ìyàwó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jókòó, mà.” Ìyá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, “Níbo, ọmọ mi?” Iwájú àga gan-an ni ó dúró sí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyàwó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ní gbogbo ìgbà tí ìyá lò lọ́dọ̀ àwọn, ńṣe ni ó ń fi ọwọ́ wá àga kí ó tó jókòó, nígbà tí ó sì yá, orí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá ni ó ń jẹun.

Ìjókòó ni a kọ́kọ́ ń fún àlejò nílẹ̀ wa, kí a tó bu omi. Àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì nílò kí àwọ̀ nǹkan yàtọ̀ sí àwọ̀ ilẹ̀ kí ó tó lè mọ ibi tí etí rẹ̀ wà. Àga aláìláwọ̀ lórí táìlì funfun, nírọ̀lẹ́ tí wọ́n ti mú iná lọ, jẹ́ ìdẹ̀kùn fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìṣubú àgbà kì í sì í ṣe ohun ẹ̀rín, nítorí egungun ìbàdí tí ó bá ṣẹ́ ní ọjọ́ orí yẹn kì í jinná bọ̀rọ̀. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré kiri náà yóò fi iwájú orí mọ̀ ọ́n. N kò sọ pé kí ẹ má rà á. Ẹ gbé e lé orí kápẹ́ẹ̀tì tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú, kí ẹ so tìmùtìmù àdìrẹ mọ́ ọn, tàbí kí ẹ ra èyí tí wọ́n fi àwọ̀ bí èéfín díẹ̀ sí. Ní ti àgbà, èyí tí ó ní apá ni kí ẹ yàn, kí ó lè rí ibi tẹ̀ dìde. Àwọn kan yóò ní tìmùtìmù yóò ba ẹwà rẹ̀ jẹ́. Èmi rò pé ooru wa nìkan ti tó láti mú kí a fi í sí i, nítorí ike kì í mí, ẹni tí ó bá wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yóò lẹ̀ mọ́ ọn bí fáànù bá dúró.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú rẹ̀ kò gùn, àmọ́ kò gba àfojúfò. Ike yìí máa ń fa eruku mọ́ra, pàápàá lásìkò ọyẹ́, bí ẹ bá sì fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ẹ óò tún mú kí ó fa sí i, eruku náà yóò sì họ ọ́ lára. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sí i, lẹ́yìn náà kí ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́ pẹ̀lú aṣọ rírọ̀. Kànrìnkàn onírin kò gbọdọ̀ kàn án. Oògùn ìnu-fèrèsé tí ó ní ammonia, sípírítì, àti omi tí a fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ lè mú kí polycarbonate sán wẹ́wẹ́ láti inú. Ọṣẹ dúdú tí a fi omi eérú ṣe náà, ara ni kí ẹ fi wẹ̀. Kí àwọn tí ń wọ léèsì olókúta rọra jókòó.

Àwọn kan ń ra àlòkù lọ́wọ́ àwọn tí ń yá ni ní àga fún òde, nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Bí ẹ óò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dojú àga dé ní gbangba oòrùn, kí ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ ti pàdé ìdí. Bí ẹ bá rí ìlà wínníwínní bí irun níbẹ̀, àga náà ti ń sán lọ, ẹ dá a padà, kì í ṣe ohun tí a ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Ara híhọ lásán kì í ṣe ewu, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ti acrylic ṣeé dán padà, ti polycarbonate kì í fẹ́ẹ́ ṣeé ṣe. Ẹ kọ́kọ́ ra méjì péré, kí ẹ lò ó láti ọyẹ́ kan dé òjò, kí àlejò àgbà wá kí yín lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ tó wá ra èyí tí ó kù.