Atlantis, Olókun àti Orí Idẹ Ilé-Ifẹ̀

Ní oṣù kìíní ọdún 1911, ìwé ìròyìn New York Times gbé e jáde pé ará Jámánì kan ti rí Atlantis, ìlú ńlá tí ìtàn sọ pé òkun gbé mì. Ẹni tí ó bá ka àkọlé ìròyìn náà yóò rò pé inú ibú ni ọkùnrin náà ti rí i. Rárá o. Ilé-Ifẹ̀ ni ó wà, níbi tí ẹni tí ó bá fẹ́ fojú kan òkun gbọ́dọ̀ rin ìrìn-àjò gidi.

Mo mú ọ̀rọ̀ yìí wá sínú ìwé àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa nítorí irú àwọn fídíò tí àwa òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ń fi ránṣẹ́ sí ara wa lórí WhatsApp. Wọn a fi òkúta títẹ́ hàn lábẹ́ omi, wọn a ní ọ̀nà àwọn ará Atlantis nìyẹn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi kún un pé láti ibẹ̀ ni àwa Yorùbá ti ṣẹ̀. Àwọn ọmọ wa ń gbà á gbọ́, inú àwa àgbà pàápàá sì ń dùn sí i. Ní tèmi, kò yẹ kí inú wa dùn rárá.

Ọ̀dọ̀ Plato, ọ̀mọ̀ràn ilẹ̀ Gíríìsì, ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí 360 ọdún ṣáájú ìbí Olúwa wa. Ó sọ̀rọ̀ nípa erékùṣù kan tí ó wà lẹ́yìn ibi tí à ń pè ní Gibraltar lónìí, tí ó jẹ́ ti Poseidon, òrìṣà òkun àwọn Gíríìkì. Àwọn ará ibẹ̀ gbéraga, wọ́n gbé ogun ja àwọn ẹlòmíràn, ìlú Athens sì borí wọn. Lẹ́yìn náà ni omi bo erékùṣù náà láàárín ọ̀sán kan àti òru kan. A kò rí ìtàn náà nínú ìwé kankan tí ó ṣáájú ti Plato. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ bí àwọn àgbà wa ṣe ń fi àlọ́ bá onígbéraga wí yóò mọ irú ìtàn tí èyí jẹ́.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1882, Ignatius Donnelly, ará Amẹ́ríkà tí ó ti jẹ́ aṣòfin rí, kọ ìwé pé òótọ́ pọ́ńbélé ni, àti pé rírì Atlantis ni ó bí ìtàn ìkún-omi tí a kà nínú Bíbélì. Láti ìgbà náà ni ìwákiri kò ti dáwọ́ dúró. Ní ọdún 1968, wọ́n rí òkúta tí ó tò bí ọ̀nà lábẹ́ omi lẹ́bàá erékùṣù Bimini ní Bahamas. Àwọn onímọ̀ nípa òkúta yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé òkúta etíkun tí ó dì fúnra rẹ̀ ni, tí ó sì là wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láìsí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀. Ní ọdún 2009, ariwo sọ pé òpópónà ìlú hàn nínú àwòrán ìsàlẹ̀ òkun tí Google gbé jáde. Ilé-iṣẹ́ náà ṣàlàyé pé ipa ọ̀nà àwọn ọkọ̀ tí ó ń wọn jíjìn omi ni.

Èyí kò túmọ̀ sí pé òkun kì í gbé ìlú mì. Ní etíkun Íjíbítì, ní ọdún 2000, Franck Goddio àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ rí ìlú Thonis-Heracleion lábẹ́ omi, pẹ̀lú ère ńláńlá, tẹ́ńpìlì àti àwókù ọkọ̀ ojú omi tí ó lé ní 60. Wọ́n rí òkúta tí orúkọ ìlú náà wà lára rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní láti fi ariwo gbè é lẹ́sẹ̀.

Leo Frobenius ni orúkọ ará Jámánì tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ó dé Ilé-Ifẹ̀ ní ìparí ọdún 1910. Ó rí orí idẹ kan tí wọ́n ń pè ní orí Olókun, àti àwọn ère amọ̀ tí ojú wọn dàbí ojú alààyè. Ẹwà wọn yà á lẹ́nu, ó sì yìn wọ́n gidigidi. A kò gbọdọ̀ gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe ro ó. Olókun ni ó ni òkun, Poseidon náà ni ó ni òkun, Poseidon ni ó sì ni Atlantis: nítorí náà, àwọn ará Atlantis ni ó fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní Ifẹ̀. Ó rọrùn fún un láti gbé iṣẹ́ náà fún ìlú tí ojú kankan kò rí rí, ju kí ó gbà pé baba ńlá àwọn tí ó dúró níwájú rẹ̀ ni ó ṣe é. Ó fẹ́ gbé orí náà lọ, ṣùgbọ́n ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí ó dá a padà.

Bí àlejò bá jẹun yó tán, tí ó yin ọbẹ̀, tí ó wá ní kì í ṣe ìyàwó ilé ni ó sè é, ta ni yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ìyìn tí àwọn fídíò wọ̀nyí ń yìn wá nìyẹn.

Ní ọdún 1938, àwọn tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, bá orí idẹ tí ó ju mẹ́wàá lọ pàdé nínú ilẹ̀. Lónìí, àwọn onímọ̀ gbà pé láàárín nǹkan bí ọdún 1100 sí 1500 ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀ ní Ifẹ̀. A sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn a fi amọ̀ mọ orí, wọn a fi ìda oyin bò ó, wọn a fín ojú, imú àti ilà sí ara ìda náà. Wọn a tún fi amọ̀ bo gbogbo rẹ̀, wọn a fi iná yọ́ ìda kúrò, wọn a sì da idẹ gbígbóná sí àyè rẹ̀. Àwọn orí mìíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì bàbà, èyí tí ó ṣòro dà gan-an.

Èyí tí ó wú mi lórí jù ni ti Igbó Olókun fúnra rẹ̀, níbi tí Frobenius ti rò pé òun rí Poseidon. Ọmọ Yorùbá kan, Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babátúndé Babalọlá, padà lọ gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí ó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí. Nígbà tí wọ́n yẹ èròjà dígí náà wò, kò bá ti ilẹ̀ òkèèrè mu. Ní Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Ilé iṣẹ́ ni igbó náà.

Mo mọ̀ pé orúkọ Olókun lè kọ àwọn kan lóminú nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ Krístẹ́nì. Àwa kì í bọ òrìṣà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa kò di ohun ìtìjú nítorí pé a gba Jésù gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn Nóà kò nílò kí Atlantis wá jẹ́rìí sí i. Àwọn ará Bèrèà gbọ́ ìwàásù Pọ́ọ̀lù pàápàá, wọ́n sì tún wádìí rẹ̀ wò, Ìwé Mímọ́ sì yìn wọ́n fún un.

Àbá mi sí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kò pọ̀. Nínú owó tí a ń dá fún àjọ̀dún yìí, ẹ jẹ́ kí a yọ owó ọkọ̀ sọ́tọ̀, kí àwọn ọmọ tí ó wà ní ọdún kejì ipele àgbà lè lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀, kí olùkọ́ wọn sì bá wọn lọ. Kí olúkúlùkù mú ìwé àti pẹ́ńsù dání. Kí wọ́n béèrè nípa orí kọ̀ọ̀kan pé: ta ni ó hú u, níbo, ní ọdún wo, báwo ni ẹ sì ṣe mọ̀? Bí wọ́n bá padà dé ilé, kí wọ́n ṣí fídíò tí àwa òbí wọn fi ránṣẹ́, kí wọ́n sì bi òun náà ní ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.