Ìwádìí lórí àṣà: Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ùn

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń kọ iṣẹ́ ìwádìí lórí èdè-àìyedè tí ìyàtọ̀ àṣà ń fà, ìwé Geert Hofstede, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ni wọ́n ń gbára lé. Ọdún 1980 ló kọ́kọ́ gbé e jáde. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ IBM sọ láàárín ọdún 1967 sí 1973 ló fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tó fi ilẹ̀ wa kún un lẹ́yìn náà, ṣe ló kó Nàìjíríà, Gánà àti Sierra Leone pọ̀, tó fún gbogbo wọn ní máàkì kan náà. Bẹ́ẹ̀, Yorùbá ń dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, Igbo kì í dọ̀bálẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá da máàkì yẹn kọ kò ní mọ ìdí tí ọmọ Yorùbá fi máa ń wolẹ̀ bí àgbà bá ń bá a wí. Olùkọ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù lè pe ọ̀wọ̀ yìí ní irọ́, kó sì fìyà jẹ aláìṣẹ̀.

Ìwé náà wúlò, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí tó yanjú gbọ́dọ̀ tọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn lọ, kó sì fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò ní èdè tí wọ́n fi ń ronú.