Uranium Nìjẹ̀r: bí àwọn ìjọba bá ń jà, ta ni yóò ṣọ́ ẹrù?

Ọ̀rọ̀ uranium lè dà bí ọ̀rọ̀ òkèèrè létí àgbẹ̀ Oko-Akarè. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni uranium Nìjẹ̀r ń gbà kọjá lọ sí òkun. Láti Arlit, nínú aṣálẹ̀ àríwá Nìjẹ̀r, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń kó o nínú àgbá irin. Wọ́n ń gba Malanville àti Parakou wá sí èbúté Kútọnu. Ìrìn náà tó nǹkan bí 2.000 kìlómítà.

Kí ni uranium? Òkúta ni, tí wọ́n ń wà jáde láti inú ilẹ̀. Wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n sì ń sọ ọ́ di ìyẹ̀fun àwọ̀ ìyeyè. Ìyẹ̀fun yìí kì í bú gbàù bí ẹ̀tù. Ewu rẹ̀ ni pé eruku rẹ̀ lè ba ara jẹ́, bí ènìyàn bá fà á símú tàbí bí ó bá bọ́ sínú omi mímu. Ní òkè òkun, wọ́n ń tún un ṣe títí yóò fi di ohun ìdáná ní ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná. Bí wọ́n bá tún un ṣe kọjá ìyẹn, ó lè di bọ́ǹbù. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí àgbá kan ṣoṣo sọnù.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023, àwọn ológun fipá gba ìjọba ní Nìjẹ̀r. CEDEAO fìyà jẹ orílẹ̀-èdè náà, ibodè sì tì. Nígbà tí CEDEAO mú ìyà náà kúrò ní oṣù Kejì ọdún 2024, Nìjẹ̀r kò ṣí ibodè tirẹ̀ sí Bẹ̀nẹ̀. Uranium kò rí ọ̀nà Kútọnu gbà mọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, Nìjẹ̀r gba ilé-iṣẹ́ Somaïr ti Arlit lọ́wọ́ Orano, ilé-iṣẹ́ Faransé. Orano gbé ẹjọ́ lọ sí ilé-ẹjọ́ àgbáyé. Ní oṣù Keje ọdún kan náà, Nìjẹ̀r àti Rọ́ṣíà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí agbára núkílíà. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, àwọn ọkọ̀ kó uranium kúrò ní Arlit, Orano sì ní òun kò lọ́wọ́ sí i.

Ta ló ni ẹrù náà? Ilé-ẹjọ́ lè dá a. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn ń kọ ará ìlú lóminú: ta ló ń ṣọ́ ọ, nígbà tí àwọn agbébọn ń jà lójú ọ̀nà ilẹ̀ Nìjẹ̀r? Ní Líbíà, ní oṣù Kẹta ọdún 2023, àjọ AIEA, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ núkílíà láyé, kéde pé tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀ uranium kò sí níbi tí wọ́n kó o sí. Àwọn ológun ibẹ̀ ní àwọn padà rí i nítòsí. Ibi tí ìjọba ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ ni èyí ti ṣẹlẹ̀.

Àpẹẹrẹ rere wà nítòsí. Ní Zaria, ní àríwá Nàìjíríà, ẹ̀rọ núkílíà kékeré kan wà ní yunifásítì fún ìwádìí. Uranium tó wà nínú rẹ̀ lé díẹ̀ ní kìlógíráàmù kan, ṣùgbọ́n irú èyí tó lè di bọ́ǹbù ni. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé kí àwọn agbébọn má rí i jí. Ní ọdún 2018, Nàìjíríà, Ṣáínà, Amẹ́ríkà àti AIEA fọwọ́ sowọ́ pọ̀, wọ́n kó o padà sí Ṣáínà, wọ́n sì fi irú tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò dẹ́kun iṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò fara sin. Kì í ṣe uranium nìkan ni ewu. Àìfohùnṣọ̀kan àwọn tó yẹ kó ṣọ́ ọ pẹ̀lú ewu ni. Bí ọ̀nà Kútọnu bá tún ṣí lọ́la, ó tọ́ kí àwọn aṣòfin ní Àjàṣẹ́ béèrè: àgbá mélòó ló wọlé, mélòó ló jáde, ta ni yóò sì kìlọ̀ fún àwọn abúlé ẹ̀bá ọ̀nà bí ọkọ̀ kan bá dànù? Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.